Ọ̀bẹ Kan fún Ìbejì

"Ẹ̀yin ìbejì, ẹ dákun, ẹ má mira," ni Alàgbà Láníyọnu wí, bí òṣùwọ̀n ṣe tún ké lábẹ́ ẹsẹ̀ wa.

"Ta ló ń mira?" mo bi í. "Irin yín ló ń gbọ̀n. Èmi dúró sójú kan."

"Kẹ́hìndé, rọra," ni Táyé wí sí mi létí.

"Rọra bíi báwo? Ṣé kí n má mí ni?"

A jọ dúró lórí òṣùwọ̀n náà ni, èjìká sí èjìká, bí wọ́n ti ń wọn ìbejì láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ìlú Òkè-Ìsádi sáàárín àpáta méjì. Ẹni tó bá wò wá lọ́jọ́ náà á rí ojú kan náà lórí ara méjì tí kò bára mu rárá. Táyé tẹ́ẹ́rẹ́, iṣan ló kún apá rẹ̀, nítorí orí wáyà ló ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń gùn ún lọ fi òróró sí àwọn kẹ̀kẹ́ tó ń fa ọkọ̀ okùn. Èmi, aṣọ ìbòòrùn ni mò ń rán, orí ìjókòó ni mo sì máa ń wà láti àárọ̀ títí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́. Mo sanra. Mo sanra dáadáa. Láyé ìyá ìyá wa, wọ́n ní ẹni tó bá rí irú mi á ní ayé ń yẹ mí. Ní tèmi báyìí, irin ló ń ké lábẹ́ ẹsẹ̀ mi.

"Ìwọ̀n yín ti kọjá ti èèyàn méjì," ni ohùn kan wí láti ara ògiri. Apènilórúkọ nìyẹn, ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ fún ìlú. Ohùn obìnrin ni wọ́n fi sí i, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń kí èèyàn kú oríire. "Ìgbà kẹta nìyí. Ẹ yan iṣẹ́ abẹ kan lónìí, tàbí kí ẹ múra àtisọ̀kalẹ̀."

Ọ̀rọ̀ àtisọ̀kalẹ̀ yẹn já mi láyà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti ń retí rẹ̀. A ò ní ilẹ̀ lókè yìí. Irin ni wọ́n tẹ́ fún wa, okùn ló gbé irin náà dúró, omi àti ooru ló sì wà nísàlẹ̀. Lọ́dún tí pẹpẹ àdúgbò Ìta-Afẹ́fẹ́ já, tó kó ilé àti èèyàn bọ́ sínú omi, wọ́n ṣòfin pé kálukú ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ẹni tó bá kọjá ìwọ̀n rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, yálà kí ọ̀bẹ bá a dín in kù, tàbí kí ọkọ̀ okùn gbé e lọ sísàlẹ̀, kó lọ máa bá àwọn tó ń gbé inú ọkọ̀ ojú omi du ẹja. Mi ò bá òfin yẹn jà. Mo fojú ara mi rí i nígbà tí pẹpẹ yẹn já. Òfin ìbejì ló ń bí mi nínú.

"Alàgbà," mo ní, "ẹ wọn Táyé lọ́tọ̀ ná. Ẹ wò ó. Ó kù díẹ̀ kí atẹ́gùn gbé e lọ. Èmi ni mo sanra. Ẹ gbé ọ̀bẹ tọ èmi wá."

Alàgbà Láníyọnu ni Olùwọ̀n ìlú. Àgbàlagbà ni, kò sì sí ọ̀rọ̀ burúkú tí kò lè fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ. "Kẹ́hìndé," ó ní, "ṣé òní lo di ìbejì ni? Ohun tí a bá ṣe fún Táyé, a ó ṣe é fún Kẹ́hìndé. Àwọn tó kọ òfin yìí, wọ́n fi bọlá fún yín ni."

"Ọlá náà ti pọ̀ jù fún wa, sà."

Àbí ẹ ò rí nǹkan. Nígbà tí eyín ń dun Táyé, wọ́n yọ tirẹ̀, wọ́n sì yọ tèmi, eyín gidi tí mo fi ń fọ́ egungun. Nígbà tó já bọ́ láti orí wáyà tí apá rẹ̀ ṣẹ́, wọ́n fi simẹ́ńtì di apá tèmi náà, mi ò sì lè mú abẹ́rẹ́ títí tí tirẹ̀ fi jinná. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá ra bàtà fún ọ̀kan nínú ìbejì tí kò ra fún ìkejì ń wá wàhálà ni. Àṣà tó dára ni. Àwọn bàbá wa wá gbé e wọ inú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín bàtà àti ìfun.

Wọ́n ní ká lọ sọ́dọ̀ dókítà lódìkejì afárá. Iná wà lára gbogbo afárá ìlú wa. Funfun ni tí ẹrù bá wà ní ìwọ̀n, pupa ni tó bá ti ń pọ̀. Bí mo ṣe gbé ẹsẹ̀ lé e báyìí, ó pọ́n yòò. Àwọn tó ń bọ̀ lódìkejì dúró. Ìyá ọmọ kan tó pọn ọmọ sẹ́yìn fà sẹ́yìn díẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká dúró kí ìyá yìí kọjá ná o. Ẹ̀mí ò láàrọ̀."

"Ìyá ọmọ," mo ní, "mo sanra ni, mi ò dití."

Táyé bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin náà gbójú sápá kan. Mo fi sùúrù kọjá, ẹsẹ̀ òsì mi ń wọ́lẹ̀, Táyé wà lẹ́yìn mi, ó ń dáhùn ìkíni àwọn tó mọ̀ ọ́n bí ẹni pé òde la ń lọ.

Dókítà Arínọlá kúnlẹ̀ kí wa nígbà tí a wọlé. Ọmọbìnrin náà kò tíì dàgbà púpọ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ lára iṣẹ́ abẹ débi pé àwọn ará ìlú ń sọ pé kò sẹ́ni tó kú lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Àpò ikùn mẹ́ta tí wọ́n fi rọ́bà ṣe wà lórí tábìlì rẹ̀. Alàgbà Láníyọnu ní òun ń dúró níta, pé ká pe òun tí a bá ti yan ohun tí a fẹ́.

"Ẹ jókòó, mà," ni dókítà wí. "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ yẹn."

Mo na ẹsẹ̀ òsì mi sí i. Egbò kan wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ mi tí mi ò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ náà kì í dùn mí mọ́. Àtọ̀gbẹ ló fà á. Ó ti dé ojú mi náà. Òwú tí mo máa ń fi sójú abẹ́rẹ́ láì wò ó, Táyé ló ń bá mi fi í sí i báyìí. Dókítà tú aṣọ tí mo fi dì í, ó wò ó, ó fi ìka tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì tún un dì.

"Ṣé ó ti burú tó bẹ́ẹ̀?" ni Táyé béèrè.

"Kò tíì kọjá àtúnṣe, mà. Ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ tó máa kọjá."

Ó fa àwọn rọ́bà náà sún mọ́ wa. Ó mú àkọ́kọ́, ó fi ìka fa ìlà gígùn kan sí i lára.

"Iṣẹ́ abẹ mẹ́ta ni òfin fọwọ́ sí. Èyí ni wọ́n ń pè ní gígé. A ó gé àpò ikùn, a ó kó èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ dànù. Èyí tó kù kò ní ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan lọ. Ẹ ó máa tètè yó, ebi pàápàá ò ní máa pa yín bíi ti tẹ́lẹ̀."

"Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe," mo ní. "Ẹ gé e."

"Ẹ ní sùúrù, mà. Ẹ sọ fún mi nígbà kan pé àyà máa ń ta yín."

"Tí mo bá ti dùbúlẹ̀ báyìí, omi kíkan á gorí wá sí mi lọ́fun."

"Gígé á jẹ́ kó burú sí i ni. Ohun tí a bá sì gé kúrò, a ò lè dá a padà mọ́. Ti ẹ̀yin, ti Táyé." Ó gbé rọ́bà náà sílẹ̀, ó mú ìkejì. Èyí ní ìfun gígùn tí wọ́n so mọ́ ọn. "Èyí ni yíyí. A ó ya àpò kékeré kan sọ́tọ̀ lókè ikùn, kò ní ju ẹyin adìẹ lọ. A ó wá fa ìfun láti ìsàlẹ̀ wá so mọ́ ọn. Oúnjẹ á fo ikùn ńlá kọjá, á sì fo apá kan ìfun kọjá. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín á ti máa wálẹ̀ kí ọ̀rá tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Àyà tó ń ta yín náà á rọ̀. Mà, ká ní ìyá tó bí mi lẹ jẹ́, èyí ni mi ò bá ṣe fún yín."

"Kí ló wá burú níbẹ̀?"

"Ẹ ó máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ àti ti egungun títí ayé. Tí ẹ bá jẹ nǹkan dídùn jù, òógùn á bò yín, ara yín á máa gbọ̀n. Ẹ̀yin lè fara dà á, torí ara tí a fẹ́ dín kù wà níbẹ̀." Ó wo Táyé, ó gbé rọ́bà náà sílẹ̀.

"Sọ ọ́ tán," ni Táyé wí.

"Ẹ ò ní ọ̀rá kankan lára, mà. Tí mo bá yí ìfun yín, ẹ ó máa jẹun, oúnjẹ ò ní dúró lára yín. Ẹ ó gbẹ. Ẹ̀jẹ̀ yín á dín kù. Òòyì á máa kọ́ yín."

"Lórí wáyà," mo ní.

"Lórí wáyà, mà."

Mi ò lè wo ibi tí Táyé ti ń ṣiṣẹ́ láì di ògiri mú. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo wò ó rí. Ó wà lókè níbẹ̀, ẹsẹ̀ kan lórí wáyà, ó ń kọrin, igo òróró wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìkùukùu sì ń kọjá lábẹ́ rẹ̀. Mo ti rí i tó ń ṣubú lójú oorun ju iye tí mo lè kà lọ.

"Ẹ̀kẹta ńkọ́?" mo béèrè.

Dókítà mú òrùka rọ́bà kan, ó fi sọ́rùn àpò ikùn tó kù. "Òrùka. A kì í gé nǹkan kan. A ó fi èyí dì í lókè, a ó máa fún un díẹ̀díẹ̀ kí oúnjẹ má lè yára wọlé. A lè tú u, a lè yọ ọ́ pátápátá. Ti Táyé, a ó fi sí i láì fún un rárá. Á kàn wà níbẹ̀ ni. Mo lérò pé kò ní ṣe é ní nǹkan kan."

"Òun nìyẹn," mo ní. "Ẹ fi òrùka sí wa, ká máa lọ sílé. Mo ní aṣọ tí mo fẹ́ rán."

Dókítà ò rẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ mi ló ń wò. "Òrùka kì í yára, mà. Ọ̀pọ̀ ni kì í bá a dé ìwọ̀n. Àtọ̀gbẹ yín ò sì ní dúró dè é. Ẹsẹ̀ yẹn ló máa kọ́kọ́ lọ."

"Tí ẹsẹ̀ bá lọ, ṣebí ìwọ̀n náà á dín kù."

Táyé gbá mi lápá, kò sì rọra gbá mi.

"Dókítà, yíyí la yàn," ó ní.

"Ta ní yan kí ni?" mo ní. "Ìwọ Táyé, èmi ni ẹ̀gbọ́n. Èmi ni mo rán ọ wá sáyé kí o wá tọ́ ọ wò fún mi."

"O rán mi, mo dé, mo tọ́ ọ wò, mo ké pè ọ́ pé kí o máa bọ̀, pé ó dùn. Ṣé o fẹ́ sọ mí di òpùrọ́ ni?" "Wáyà ò jẹ́ nǹkan kan. N ó bọ́ sílẹ̀. N ó wá máa bá ọ rán aṣọ."

"Ìwọ tí o ò lè rán etí aṣọ kó gún."

"N ó kọ́ ọ."

"Wọn ò sọ pé wáyà nìkan lo máa fi sílẹ̀. Wọ́n ní o ó gbẹ. Ṣé o ò gbọ́ ni?"

"Mo gbọ́. Ìwọ náà gbọ́ ohun tí wọ́n sọ nípa ẹsẹ̀ rẹ?"

A ń jà nìyẹn, bí a ti máa ń jà láti kékeré, dókítà sì wà láàárín wa. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín o. Mo fẹ́ yíyí yẹn. Mo fẹ́ ẹ débi pé itọ́ gbẹ lẹ́nu mi. Mo fẹ́ fi òwú sójú abẹ́rẹ́ fúnra mi. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ tún tutù lábẹ́ ẹsẹ̀ mi kí n sì mọ̀ pé ó tutù. Ẹ̀rù ikú ń bà mí, ẹ̀rù tó jẹ́ pé tí mo bá jí láàárọ̀, n ó kọ́kọ́ fọwọ́ kan ojú mi bóyá mo ṣì ń ríran. Tí n bá ṣí ẹnu sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, Táyé á dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì kejì láì janpata. Ìyẹn gan-an ni mi ò ṣe lè sọ ọ́.

Táyé yí sí dókítà. "Ṣé kò sí ìbejì tí ẹ ti ṣe é fún ọ̀kan rí, tí ẹ ò ṣe é fún ìkejì?"

Dókítà wo ilẹ̀kùn kó tó dáhùn. "Ó wà, mà. Àwọn tí ìkejì wọn ti lọ."

A kì í sọ pé ìbejì kú. A máa ń ní ó lọ ni.

"Ti àwọn yẹn," ó ní, "ère la máa ń gbé sórí bẹ́ẹ̀dì kejì. A ó ṣe ti ẹni tó wà. Tó bá kan ère, a ó fi ọ̀bẹ kan igi náà lára, ó tán. Òfin ti gbà á bẹ́ẹ̀."

"Ṣé gbogbo àwọn tó lọ yẹn ló lọ lóòótọ́?"

"Mà?"

"Mo ní, ṣé ilẹ̀ ló jẹ gbogbo wọn?"

Dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn rọ́bà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò dà rú. "Àwọn kan wà nísàlẹ̀, nínú ọkọ̀ ojú omi. Mo gbọ́ pé wọ́n ń jẹun, wọ́n ń bímọ. Lókè níbí, ẹni tí Apènilórúkọ bá pè lẹ́ẹ̀mẹta tí kò dá a lóhùn, ó ti lọ nìyẹn. Òfin ò béèrè ìdí. Àmọ́ kò lè padà wá mọ́, mà. Láti ìgbà náà lọ, ẹnikẹ́ni tó bá bá a sọ̀rọ̀ ń bá òkú sọ̀rọ̀ ni, wọ́n á sì sọ òun náà kalẹ̀."

"Kí la wá ń fi àwọn yẹn ṣe?" mo ní. "Ṣé àwa ni òkú ni? Dókítà, òrùka la fẹ́. Ẹ̀gbọ́n ti sọ̀rọ̀. Ẹ pe Alàgbà wọlé."

Táyé ò bá mi jiyàn mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wọ bàtà sí mi lẹ́sẹ̀, ó rí i pé kò fún egbò náà. Mo rò pé mo ti borí.

"Kẹ́hìndé," ó ní, orí rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, "ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀."

"Kí nìyẹn wá já sí?"

"Ó túmọ̀ sí pé olóríkunkun ni ọ́." Ó dìde, ó sì dì mọ́ mi. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí lójú àlejò. Òróró kẹ̀kẹ́ ló ń rùn lára aṣọ rẹ̀, mo sì sọ fún un.

Alàgbà Láníyọnu wọlé pẹ̀lú fìlà rẹ̀ lórí, ó fọwọ́ kan ògiri. Iná kékeré kan tàn níbẹ̀.

"Bí òfin ti wí," ó ní, "Apènilórúkọ á pè yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ ó dáhùn, ẹ ó sì sọ ohun tí ẹ yàn. Ọ̀rọ̀ yín gbọ́dọ̀ ṣe ọ̀kan."

"Kẹ́hìndé," ni ohùn náà wí.

"Mo wà níbí. Òrùka ni mo yàn."

"Ẹ ṣeun. Táyé."

Mo yíjú. Táyé dúró ti tábìlì dókítà, ó na ọrùn rẹ̀, ó di ẹnu rẹ̀ pa. Ojú mi ló ń wò.

"Táyé, wọ́n ń pè ọ́," mo ní.

"Táyé," ni Apènilórúkọ wí lẹ́ẹ̀kejì, pẹ̀lú ohùn ìkíni kú oríire yẹn náà.

Ìgbà náà ló yé mi. Mo dìde, mo gbá a léjìká mú, mo mì ín. "Dáhùn. Mo ní kí o dáhùn. Táyé, má ṣe mí báyìí. Yíyí náà ni, ó tán? Ká jọ ṣe yíyí. Ká jọ sọ̀kalẹ̀, mo gbà, ká jọ lọ kú síbẹ̀. Dáhùn."

Omi ń dà lójú rẹ̀, kò sì mi orí. Ẹni tó sùn là á jí, a kì í jí apirọrọ.

"Ọmọ mi," ni Alàgbà Láníyọnu wí, ohùn rẹ̀ sì ti yàtọ̀, "má fi èyí ṣeré o. Mi ò ní lè tún un ṣe."

Ohùn kan náà ni èmi àti Táyé ní. Ìyá wa gan-an kì í mọ ẹni tó ń dáhùn láti inú yàrá. Mo kọjú sí ògiri, mo gbé ohùn náà fúyẹ́ bí ó ti máa ń gbé e, mo ní, "Mo wà níbí. Òrùka."

"Kẹ́hìndé, ẹ ti dáhùn tẹ́lẹ̀," ni ẹ̀rọ wí. "Táyé."

Mo bo etí mi. Mi ò mọ ohun tí mo rò pé ìyẹn máa ṣe. Nígbà tí mo ṣí i, ohun tí mo gbọ́ ni pé, "Táyé ti lọ. Ẹ kú ìdúró."

Alàgbà Láníyọnu ṣí fìlà. Dókítà Arínọlá fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Àwọn méjèèjì ò sì wo apá ibi tí Táyé dúró sí mọ́. Ojú wọn ń fò ó kọjá bí ẹni ń wo àga. Bí wọ́n ṣe yára mọ̀ ọ́n ṣe ló dẹ́rù bà mí jù.

"Alàgbà, ó wà níbí," mo ní. "Ẹ wò ó. Ó ń mí."

"Kẹ́hìndé, èmi àti ìwọ àti dókítà nìkan ló wà nínú yàrá yìí," ó ní. "Ọlọ́run á tù ọ́ nínú."

"Kẹ́hìndé," ni Apènilórúkọ wí, "òrùka tí ẹ yàn jẹ́ ti èèyàn méjì. Kí lẹ yàn fún èèyàn kan àti ère kan?"

Orí kunkun mi kọ́kọ́ dé. Mo fẹ́ sọ pé òrùka náà ni. Mo fẹ́ kí ó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó lè fi agbára mú mi wà láàyè. Mo ti ṣí ẹnu. Mo wá wo ọmọ ìyá mi, ẹni tí mo rán ṣíwájú tí kò kọ̀ fún mi rí, mo sì rí i pé ó ti ń bẹ̀rù ohun tí mo fẹ́ sọ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí ẹ̀rù lójú rẹ̀. Wáyà ò bà á lẹ́rù, ìsàlẹ̀ ò bà á lẹ́rù. Èmi ni mo bà á lẹ́rù.

"Yíyí," mo ní.

"Ẹ ṣeun. Ẹ ó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ kí oòrùn tó wọ̀."

Mo sunkún. Mi ò sunkún bẹ́ẹ̀ nígbà tí ìyá wa kú. Táyé fi etí aṣọ rẹ̀ nu ojú ara rẹ̀, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó sì rìn lọ sídìí ilẹ̀kùn. Ó dúró níbẹ̀. Ilẹ̀kùn ò ṣí. Ohùn ẹni tó wà láàyè ni àwọn ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn wa ń gbọ́; o ó dárúkọ ara rẹ, wọ́n á sì ṣí fún ọ. Táyé ò ní orúkọ tó lè dá fún un mọ́. Tó bá pẹ́ níbẹ̀, ẹ̀rọ á ké sí àwọn ẹ̀ṣọ́ pé nǹkan kan ń dí ọ̀nà, ọwọ́ líle sì ni wọ́n fi ń gbé nǹkan tó bá ń dí ọ̀nà.

Alàgbà ń yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. Dókítà ń kó rọ́bà sínú àpótí. Ìkankan nínú wọn ò lè ràn án lọ́wọ́, bí wọ́n tilẹ̀ fẹ́.

Mo dìde. Mo wọ́ ẹsẹ̀ mi dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo dúró tì í, èjìká sí èjìká. Mi ò bá a sọ̀rọ̀. Mi ò wo ojú rẹ̀, torí tí mo bá wò ó, n ó sọ̀rọ̀, wọ́n á sì sọ mí kalẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ mi yìí, gbogbo ohun tó ṣe á sì di asán.

"Kẹ́hìndé ni," mo sọ fún ilẹ̀kùn. "Mo fẹ́ jáde."

Ilẹ̀kùn ṣí. Èmi ò jáde.